Ó Ti Dé, A Ò Rí I

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni. Bí mo bá sáré sọ ọ́, mo lè fo ibì kan, ibi tí mo fò yẹn sì lè jẹ́ ibi tí ọmọ ọlọ́mọ wà.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí èèyàn lè máa wo àpáta láti ojú fèrèsé rẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohun tí èèyàn ń ṣí lórí fóònù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ojú ìwé tó kàn dúró gbagidi bíi pátákó ìpolówó o. Èyí tí èèyàn máa tẹ̀ tí yóò dáhùn, tí yóò rántí, tí yóò sì ránṣẹ́. Irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe é là ń pè ní férémúwọ̀kì. Ẹ kà á sí ilé tí bíríkìlà ti mọ dé òrùlé kó tó fà á lé yín lọ́wọ́. Òpó ti wà, ojú fèrèsé ti wà, ọ̀nà omi ti wà. Ohun tó kù fún yín ni kí ẹ sọ ibi tí ilé ìdáná máa wà, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan máa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìsẹ̀ ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Ìyá àgbà yẹn kì í sọ ìtàn kankan láìkọ́kọ́ sọ ilé tó ti ṣẹlẹ̀. Bí a bá ń kánjú pé kó máa bá a lọ, á ní, "Bí ẹ ò bá mọ ulé wọn, báwo ni àánú wọn ṣe máa ṣe yín?" Bóyá òun ló fà á tí mi ò fi lè fara mọ́ àwọn àpẹẹrẹ tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní férémúwọ̀kì. Ṣọ́ọ̀bù bàtà tí kò sí ní ìlú kankan. Ojú ìwé tí èèyàn tí a ò mọ̀ ti ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe lónìí sílẹ̀. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á gba máàkì, wọ́n á gbàgbé.

Ní sáà kan, mo pa ìwé dé. Mo ní, "Ẹ lọ sílé. Ẹ wá ohun kan tó ń da àwọn ará ilé yín láàmú. Òun la máa fi kọ́ férémúwọ̀kì."

Nígbà tí a tún pàdé, ẹnì kan ní ẹyin adìẹ bàbá òun ni, wọn kì í mọ èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀. Òmíràn ní àwọn akọrin ìjọ àwọn kì í mọ ẹni tí yóò wá. A rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dìde.

"Mà, ní ti ilé wa, ọ̀nà ni."



Ọmọ Èmùré ni. Ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ẹni tó máa ní kó ṣàlàyé, torí gbogbo wa là ń gbé pẹ̀lú ọ̀nà yẹn. Láti Èmùré sí Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́, ibì kan wà tí igbó ti dì mọ́ títì lọ́tùn-ún lósì, tí ihò inú títì kò jẹ́ kí ọkọ̀ lè sáré. Àwọn tó ń jí èèyàn gbé ti sọ ibẹ̀ di ibi tí èèyàn ń mí kanlẹ̀ kó tó kọjá. Ẹni tí kò bá ní ìdí pàtàkì kì í gba ibẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹni tó bá sì gbà á, gbogbo ilé rẹ̀ á máa pe fóònù: níbo lẹ dé, níbo lẹ dé. Fóònù kì í sì í wọlé nínú igbó náà.

Ọmọ yẹn ní, "Mọ́mì mi ti ní kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá kọ́ṣẹ́ ìránṣọ nílé. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbàwẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọkọ̀."

Bí iṣẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo dúró síwájú pátákó, mo bi wọ́n bí ìyá àgbà ṣe máa ń bi wá. "Ta ló wà nínú ìtàn yìí?"

"Ọkọ̀."

"Awakọ̀, mà."

"Èrò."

Ọmọ Èmùré ní, "Ẹni tó ń dúró."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn sí èyí tó kẹ́yìn yẹn jù, torí kò sí nínú ìwé wọn. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní awakọ̀, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní èrò, èrò kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan nílé tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ bí férémúwọ̀kì ṣe ń so nǹkan pọ̀ mọ́ra nìyẹn, kò sì sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ nígbà ìdánwò. Awakọ̀ á ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù. Ní gáréèjì, á tẹ bọ́tìnì kan, *A ti gbéra*. Àwọ̀ yẹ́lò ni ọkọ̀ rẹ̀ máa wà. Tó bá gúnlẹ̀, á tẹ èkejì, *A ti dé láyọ̀*. Ọkọ̀ á di àwọ̀ ewé, iṣẹ́ á sì lọ sórí fóònù gbogbo ẹni tó ń dúró. Bí àkókò bá kọjá tí kò tẹ̀ ẹ́, á di pupa, gáréèjì méjèèjì á sì gbọ́. Ọmọ Èmùré ló kọ apá tí bọ́tìnì kejì wà. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ títí kò fi sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Kò sí.

Alága gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí a kọ́kọ́ lọ bá a. Ọkùnrin sanra kan ni, fìlà rẹ̀ kì í kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan orí.

"Mọ́mì, ṣé kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ fi mú àwọn ajínigbé?"

"Rárá o, bàbá. Ká tètè mọ̀ bí ọkọ̀ kan ò bá dé, kí ẹnì kan tètè wá a. Òun nìkan."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbà.

Ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, eruku ṣọ́ọ̀kì sì wà létí ìró rẹ̀. Kò jókòó.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ohun tí ọmọ mi sọ yìí, ṣé òótọ́ ni? Tó bá ti dé, fóònù mi á dún?"

"Á dún, mà."

"Tí kò bá dé ńkọ́?"

"A máa mọ̀, mà. A ó sì wá a."

"Ó dáa. Kó máa wá. Ẹ̀yin ni mo fà á lé lọ́wọ́ o."

A bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ọkọ̀ ń gbéra, ọkọ̀ ń dé, gbogbo rẹ̀ ń di àwọ̀ ewé bí koríko òjò. Kò sí èyí tó di pupa rí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tiẹ̀ ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ó ní, "Mà, ẹ wo àwọn awakọ̀ wa, wọn kì í pẹ́ lọ́nà rárá. Ọ̀nà Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́ yìí, àfi bíi pé wọ́n ń fò." A rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fi kọ́ bí a ṣe ń ṣírò ìyàtọ̀ àkókò. Alága ní òun máa bá wọn wí nítorí eré àsápajúdé. Ó parí síbẹ̀.

Wàyí o, a fẹ́ fi iṣẹ́ wa han àwọn ọ̀gá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, a ti gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, ohun tó ń tan àwòrán sára ògiri ń ṣiṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn kíláàsì. Ọ̀gá ẹ̀ka wa jókòó síwájú. Alága gáréèjì wá, ó mú ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀ dání. Ọmọ Èmùré nìkan ni a ń retí. Ó ti lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, òun ló sì máa sọ̀rọ̀ lórí bọ́tìnì kejì, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo wa rí ọkọ̀ rẹ̀ lára ògiri, ní yẹ́lò, lójú ọ̀nà.

Àwọn ọmọ yòókù ń sọ tiwọn lọ. Lójijì ọkọ̀ náà di àwọ̀ ewé. *A ti dé láyọ̀.*

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ẹ̀ka wa bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i! Èyí gan-an ni mo fẹ́ rí."

A dúró dè é kó wá sọ̀rọ̀. Láti gáréèjì sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jìnnà, ọ̀kadà á gbé e dé kíá. Kò dé. Mo ní kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú. Ó sọ̀rọ̀ tán, ọmọ yẹn kò tíì dé. Alága ní, "Ó ṣeé ṣe kó ti yà jẹun. Àwọn ọmọ ìwòyí, ìdí ìrẹsì la máa ń bá wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń wo ilẹ̀kùn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pè é. Fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ó tún un pè. Ó wá súnmọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Mà, wọ́n ní kò sí nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tó bá ti wà ní Ìkẹ́rẹ́, kí ló dé tí kò sí nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì?"

Mo bẹ alága pé kó pe gáréèjì. Ó pè wọ́n, ó ń fi fóònù ṣeré létí. "Ọkọ̀ Èmùré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ńkọ́? ... Èwo? ... Ẹ wò ó dáadáa." Ó gbé fóònù kúrò létí. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Mi ò rí i kó tún un ṣe rí.

"Wọ́n ní àwọn ò rí i."

Mo nawọ́ sí ara ògiri. "Ó ti dé, bàbá. Ẹ wò ó. Ó ti dé."

Ìgbà náà ni awakọ̀ tó bá a wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, díákónì ni nínú ìjọ wọn. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé a kì í dúró di Ìkẹ́rẹ́ ká tó tẹ̀ ẹ́?"

"Kí lẹ wí?"

"Lẹ́yìn Ìsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fún epo yẹn. Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì parí sí. Ibẹ̀ là ń dúró sí ká tó wọ ugbó. Gbogbo ọkọ̀ á dákẹ́, a ó gbàdúrà, a ó sì fi ìgbàgbọ́ tẹ̀ ẹ́: a ti dé láyọ̀ ní orúkọ Jésù. Àwọn èrò á ṣe Àmín." Ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ṣé kò dáa ni? Ẹni tó ń lọ sínú ugbó, ṣé ó yẹ kó máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò tíì dé?"

Mo rí gbogbo ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí a ti ń yọ̀ lé lórí láti ọjọ́ yìí wá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti dé nígbà tó sọ pé òun dé. Ìhà ìhín igbó ni gbogbo wọn wà, wọn ò tíì wọ ibi tí ẹ̀rù wà rárá. Ibi tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ nǹkan yìí gan-an ni a fọ́jú sí.

Fóònù mi dún. Ìyá rẹ̀ ni.

Alága rí ojú mi, ó sì mọ ẹni tó ń pè. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń mì í sí mi: má sọ, má sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í sọ irú ẹ̀ fún ìyá lórí fóònù. Èèyàn là ń rán, àgbà là ń rán, a kọ́kọ́ máa ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá gbé fóònù ńkọ́? Mo gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa! Mo ní kí n dúpẹ́ ni. Fóònù mi ti dún, ó ti dé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn ọmọ tiyín náà."

Mò ń gbọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ka a, b, d pẹ̀lú orin.

"Ẹ bá mi fún un ní fóònù. Ó gbàgbé kúlà oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, olórí gbígbẹ yẹn! Kó wá gbọ́ èébú díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé."

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tèmi ń sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹ ní ó wà ní ilé ìtọ̀, mà." Irọ́ kan ti wà lórí fóònù obìnrin yẹn, mi ò lè fi èkejì lé e.

"Mà," mo ní, "mi ò tíì fojú rí i."

"Ẹ ò tíì fojú rí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ṣùgbọ́n ó ti dé."

"Fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀, mà."

Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń ka ìwé: e, ẹ, f, g, gb. Lẹ́yìn náà ohùn wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá rí nǹkan lójú olùkọ́ wọn. Wọ́n dákẹ́ pátá. Ó gé fóònù.

Ọkọ̀ alága la wọ̀, alága, díákónì àti èmi. Ó ti pe gáréèjì Ìsẹ̀ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ tiwọn, kí wọ́n mú àwọn ọdẹ dání. A jáde ní ìlú. Oko kòkó, oko gẹdú, ilé kan tí kò ní òrùlé, oko kòkó mìíràn. Mò ń wo fóònù mi bí àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń dín kù lórí rẹ̀ títí tí kò fi sí nǹkan kan. Mo wá mọ bí ó ṣe ń rí fún àwọn tó ń gba ibẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn láti ẹ̀yìn.

A pàdé ọlọ́kadà kan tó ń sáré bọ̀ kíkankíkan. Alága yọ ọwọ́ sí i. Kò fẹ́ dúró. Nígbà tó dúró, kò pa ẹ̀rọ rẹ̀.

"Ẹ rí ọkọ̀ kankan níwájú?"

"Ọ̀kan wà nínú kòtò. Gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀."

"Àwọn èrò ńkọ́?"

"Mi ò rí èèyàn kankan." Ó ti lọ.

Díákónì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì nu ojú. Ó kàn ń wo iwájú. Alága ní kó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kó má dákẹ́, kó máa gbàdúrà. Èmi ò lè gbàdúrà. Gbogbo ohun tó ń yí lórí mi ni kóòdù tí ọmọ yẹn kọ fún bọ́tìnì rẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, gbogbo rẹ̀ tọ́, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀.

A rí ọkọ̀ náà. Ó fi imú kanlẹ̀ nínú kòtò. Níwájú rẹ̀, ìtì igi ńlá kan dábùú títì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà wa mọ ohun tí igi tó dábùú títì túmọ̀ sí. Alága kò pa ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní kí a má fọn fèrè. Mo sọ̀ kalẹ̀. Nínú ọkọ̀ yẹn, mo rí báàgì kọ̀ǹpútà ọmọ náà lórí ìjókòó ẹ̀yìn. Bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan wà lójú koríko, ó dojú kọ ọ̀nà inú oko kòkó.

Bí wọ́n bá ti kó wọn lọ, bàtà á wà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá sá, bàtà á wà bẹ́ẹ̀ náà.

Díákónì fẹ́ kígbe, alága bò ó lẹ́nu. "Ta ni yóò jáde sí ohùn ọkùnrin nínú ugbó yìí?" Òótọ́ ni. Ta ni wọ́n máa rò pé a jẹ́? Mo bọ́ síwájú díẹ̀, dé ibi tí òjìji àwọn igi kòkó ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tí ajínigbé kò lè sọ. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo ṣe: mo pe orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe ń pè é ní kíláàsì, orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú, orúkọ tirẹ̀ tẹ̀lé e, pẹ̀lú ohùn olùkọ́ tí kò ní àkókò láti fi ṣòfò.

Kò sí ìró.

Mo tún un pè.

Ewé gbígbẹ ta. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ohùn kékeré kan: "Mà."

Òun ló kọ́kọ́ jáde, ẹsẹ̀ kan ní bàtà, ẹsẹ̀ kan ní ẹrẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú. Awakọ̀ wọn àti àwọn èrò yòókù tẹ̀lé e, iwájú orí ọ̀kan nínú wọn ti bó. Wọ́n ti rí igi náà, awakọ̀ fẹ́ yí padà kíákíá, ọkọ̀ yọ̀, ó já sí kòtò. Kò sẹ́ni tó dúró wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Wọ́n sá wọ oko, wọ́n dojú bolẹ̀.

Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí igi náà já bọ́ láti ẹ̀yìn lọ́rì agégẹdú. Ó ṣeé ṣe. Títí di òní, kò sí agégẹdú kankan tó wá bèèrè rẹ̀.

Àwọn ọdẹ Ìsẹ̀ dé bá wa níbẹ̀, wọ́n sì kó àwọn èrò yòókù sínú ọkọ̀ tiwọn. Nínú ọkọ̀ alága, ọmọ náà fẹ̀yìn tì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti bẹ̀rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Mà, nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ewé yẹn, mo wá rántí pé mo ti dé."

Mo yíjú sí i.

"Mo rí awakọ̀ nígbà tó tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó ní ká ṣe Àmín, mo sì ṣe Àmín. Èmi tí mo kọ ọ́! Mo wá wà lórí ilẹ̀, mò ń sọ lọ́kàn mi pé, bọ́tìnì mi ti sọ fún gbogbo wọn. Ta ló máa wá ẹni tó ti dé?"

Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà sórí fóònù mi. Mo pe ìyá rẹ̀, mo sì gbé fóònù lé ọmọ náà lọ́wọ́ kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́yìn obìnrin náà. Ó ti wà lójú ọ̀nà.

"Mọ́mì, èmi ni."

"Sọ̀rọ̀."

"Èmi ni, mà. Kò sí nǹkan tó ṣe mí."

"Mo gbọ́. Má dákẹ́. Máa sọ ọ́ lọ."

Ó ń sọ ọ́ lọ, ohun tí kò ní ìtumọ̀, nípa kúlà oúnjẹ, nípa bàtà, títí a fi wọ Ìkẹ́rẹ́.

Ìyá rẹ̀ mú un lọ sílé ní ọjọ́ yẹn, wọn ò sì sọ bóyá yóò padà. Èmi ò lè bẹ̀ ẹ́. Kí ni n bá fi bẹ̀ ẹ́? Alága wá sí kíláàsì, ó ní, "Ẹ bá mi gba bọ́tìnì yẹn lọ́wọ́ àwọn wòlíì mi o!" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ṣùgbọ́n apá yẹn kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.

Ní àárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ kan wọlé sórí kọ̀ǹpútà mi láti Èmùré. Ọmọ náà ti pa bọ́tìnì kejì awakọ̀ rẹ́. Ó ti kọ òmíràn. Kò sí lọ́wọ́ awakọ̀, kò sí lọ́wọ́ èrò náà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń dúró ló gbé e sí, orúkọ tó sì wà lára rẹ̀ ni *Ẹ káàbọ̀*. Mo wò ó títí. Ṣé ẹ rí i? Láti ìgbà tí a ti dáyé, ará ilé ló ń kí èèyàn káàbọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kí ara rẹ̀ káàbọ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà tó padà sí kíláàsì, ìyá rẹ̀ ló mú un wá, ó sì jókòó sẹ́yìn títí iṣẹ́ fi parí. Ọmọkùnrin kan bi ọmọ náà pé, "Tí ìyá bá gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? A máa kàn máa yọ gbogbo ìlú lẹ́nu."

"A máa pè é. Tó bá ti dé, wọ́n á bú wa. Ká gba èébú."

Ìyá rẹ̀ yọ fóònù rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi bọ́tìnì náà han òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ọmọ náà wọkọ̀ lọ sí Èmùré. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, mò ń wo yẹ́lò kan. Mo po tíì, mi ò mu ún. Ó yẹ kó ti dé. Yẹ́lò. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù níta, ó dà bíi pé ìlú mìíràn ni. Ọkọ̀ náà di pupa níwájú mi.

Mo pe ìyá rẹ̀. Ó dún, ó dún. Ó gbé e.

"Mà, ọmọ yín ..."

"Ó ti dé, tíṣà." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. "Ó jókòó síwájú mi níbí, ó ń jẹ iyán. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti wọlé."

"Ẹ ò tẹ̀ ẹ́, mà."

"Mo mọ̀. Mò ń wò ó ni. Mo ní kí n wò ó dáadáa ná."

Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń sọ lẹ́nu tó kún fún oúnjẹ pé, "Mọ́mì, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre, ẹ ti ń dáyà já wọn!" Ìyá rẹ̀ ní kó mu omi kí oúnjẹ má baà há a lọ́fun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọ̀ ewé dé.

Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà kí n máa lọ sílé. Mo tún wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ mìíràn ti gbéra ní Ìsẹ̀, ó ń bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, yẹ́lò, àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ wà nínú rẹ̀. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn àpáta. Mo tún jókòó.